Ilé Tí Wọ́n Ní Kò Sí Èèyàn Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá béèrè Mùnírátù lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀yìn Ọgbà, wọ́n á ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ńlá! Èmi Fẹ̀yìntọlá tí mò ń di irun fún un ni kí ẹ bi. Obìnrin jẹ́jẹ́ wo? Obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín débi pé màá ju ìlarun sílẹ̀, màá ní kó lọ rín ẹ̀rín ẹ̀ tán kó tó padà wá jókòó. Bó bá ń ná gáàrì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ wọ ìyá ìjà ni. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Àwa Yorùbá la sọ àdúgbò wa ní Ẹ̀yìn Ọgbà. Ìjọba ṣe ọgbà ìgbafẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ Maitama, wọ́n gbin òdòdó sí i, wọ́n ṣe jangirọ́fà fún àwọn ọmọ olówó, wọ́n wá mọ odi tí kò ga yí i ká. Ẹ̀yìn odi yẹn gan-an la kọ́lé sí, bíríkìlà, káfíńtà, dírẹ́bà, láti Ìlọrin, láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwa tí a wá bá wọn kọ́ Àbújá nígbà tó ṣì jẹ́ pé igbó àti eruku ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán kọ́ ilé alájà méjì fún mínísítà, inú ilé onípáànù ní Ẹ̀yìn Ọgbà ló ń padà sí nírọ̀lẹ́. A ò bínú. A níṣẹ́ lọ́wọ́, a sì ní ara wa.

Sùlàímọ́nù ọkọ Mùnírátù, ọmọ Ìlọrin, bíríkìlà ni. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti là, tí àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n kó dànù, ló fi kọ́ ilé oníyàrá méjì fún ìyàwó ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀, torí ó rẹ́ ẹ, ó ń dán. Ó yọ fèrèsé sí ìhà ọgbà kí Mùnírátù lè máa wo àwọn ọmọdé lórí jangirọ́fà. Ràdíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ n'Ílọrin. Ní igun yàrá, ìkòkò omi ńlá kan wà tí Sùlàímọ́nù rà lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò ní Ushafa, tó gbé lé itan nínú mọ́tò títí tó fi délé kó má baà fọ́. Mo máa ń yọ Mùnírátù lẹ́nu pé ọkọ ẹ̀ fẹ́ràn ìkòkò yẹn jù ú lọ. Á ní, “Ìkòkò kì í bá a jà ni, ìwọ náà.”

Ọgbà yẹn kan náà ni Mùnírátù ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbá ewé àti ìdọ̀tí ibẹ̀ láràárọ̀ kí àwọn èèyàn tó dé. Ó mọ gbogbo igi tó wà níbẹ̀, ó sọ àwọn kan lórúkọ. Igi kan wà tó ń pè ní Àlàájà torí pé ó ń wú fùkẹ̀, kò sì mú èso kankan jáde. Tó bá ti gbá a tán, á kan odi ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé mi láti inú lọ́hùn-ún, á ní kí n gbé àpótí síta, òun ń bọ̀ wá di irun. Ayé ẹ̀ rọrùn. Ayé tèmi náà rọrùn nígbà yẹn.

Lọ́dún kan, lásìkò àwọn ṣọ́jà, lẹ́yìn tí náírà ti wó, ibà dá Sùlàímọ́nù dùbúlẹ̀. Ibà lásán. A rò pé á lọ. Kó tó di Jímọ̀, ọkùnrin yẹn ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú, tó ní, “Mùní, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ ṣe opó mi nílé onílé. Ilé tí mo kọ́ fún ọ ni kí o ti ṣe é.” Mùnírátù ní òun gbọ́, òun á ṣe é. Ìlérí tó ṣe nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Èmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn gbé pẹ́. Tí ọkọ mùsùlùmí bá kú, ìyàwó á jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kò ní máa jáde. Kò ní lé tìróò, kò ní lé làálì, kò ní fín lọ́fínńdà, ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan ò sì ní wọlé tọ̀ ọ́. Ṣùkú tí mo dì fún un lọ́sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tú u. Mo dúró tì í, omijé ń bọ́ lójú mi. Ó ní, “Fẹ̀yìn, ọjọ́ tí mo bá jáde opó, ìwọ lo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.” Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, ta ni ì bá tún dì í?

Ẹni tó gba ìṣọ́ opó yìí kanrí ni Àfáà Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Bí àbúrò ẹ̀ ṣe kú báyìí, ó ká awọ àgbò ẹ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, ó wá tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà Mùnírátù. Àní bí òbúkọ bá fẹ́ gba ojúde kọjá, Àfáà á lé e. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, èèyàn rere ni, ó fẹ́ràn àbúrò ẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni n'Ílọrin sọ pé ìyàwó Sùlàímọ́nù ò ṣe opó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni, ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ òótọ́.

Inú opó yìí la wà nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n ń fi ojú kan yọjú nínú ẹ̀, wọ́n ń na okùn láti ara odi ọgbà wọ àárín ilé wa. Wọ́n ní ìlú fẹ́ fẹ ọgbà náà. Wọ́n ní bó ṣe wà yẹn, ó máa kéré fún àwọn èèyàn tó ń bọ̀ wá gbé Àbújá, wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ kún un, bóyá tiwa, bóyá ti ìhà odò lọ́hùn-ún. Wọn ò tíì pinnu. Wọ́n ṣì ń rò ó.

Rírò yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Tí wọ́n bá ní ẹ kó lọ, ẹ ó sunkún, ẹ ó di ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ń rò ó! Ṣé kí n tún páànù tó ń jò ṣe ni, àbí kí n fi sílẹ̀? Ṣé kí n gba oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀? Ẹ̀rù bà wá débi pé inú ilé ara wa la ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì ńlá kan bá bú ramúramù ní Maitama níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ọwọ́ mi á dúró lórí irun, oníbàárà náà á gbé orí sókè, àwa méjèèjì á máa tẹ́tí. Tó bá ti jìnnà lọ la ó tó mí.

Nígbà tó yá, àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba wá pẹ̀lú garawa ọ̀dà. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wo ẹni tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń kọ nọ́ńbà funfun sára ògiri. Èmi àti ọkọ mi Bámiṣayọ̀ dúró lójúde wa bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Wọ́n wò wá, wọ́n kọ tiwa, wọ́n lọ. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ Mùnírátù lọ ni mo rí tiẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà, kì í sì í ṣe funfun. Ìlà pupa méjì ló dábùú ara wọn, gbàgàdà, lára ògiri tí Sùlàímọ́nù rẹ́ tó ń dán, ọ̀dà náà ṣì ń ṣàn wálẹ̀.

Mo wọlé. Mùnírátù ní, “Kí ni wọ́n kọ sí tèmi?”

Mo ní, “Pupa ni tìẹ.”

“Pupa báwo?”

Mo fi ìka méjì dábùú ara wọn fún un. Ó ní, “Ta ló tún ní pupa?” Mo lọ yí gbogbo àdúgbò ká. Ẹyọ ilé kan péré ló tún ní in, ilé ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan tó ti kó lọ sí Apo, lódìkejì ìlú, tipẹ́, tí koríko ti hù dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ohun tí mo rí yẹn rárá. Mo padà wá sọ fún un.

Àlímátù, oníbàárà mi kan, ló tú u fún mi. Ọkọ ẹ̀, Jàbárù, ló ń wa ọkọ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì ọlọ́dà yẹn. Orí ẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ mi, mò ń di kòlẹ́sẹ̀ fún un, mo bi í bíi pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí. Ó ní, “Pupa kẹ̀? Ilé tí kò séèyàn nínú ẹ̀ ni. Ọkọ mi ní àwọn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó, kí wọ́n tiẹ̀ tó pinnu lórí ọgbà, kí àwọn àlejò má baà sá wọ inú wọn.”

Ìlarun bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Jókòó dè mí.” Mo fi orí ẹ̀ sílẹ̀, apá kan dídì, apá kan títú, mo gbéra, ó di ẹnu ọ̀nà Mùnírátù. Àfáà wà lórí awọ àgbò ẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

“Àfáà, nígbà tí àwọn ọlọ́dà dé, kí lẹ sọ fún wọn?”

“Wọ́n fẹ́ wọlé. Mo ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.”

“Ẹ ní kò sí ẹnì kankan?”

“Ba kowa. Hausa ni mo fi sọ ọ́ kó lè yé wọn. Àbí kí n jẹ́ kí ọkùnrin mẹ́ta wọlé tọ opó? Ìwọ Fẹ̀yìntọlá, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn?”

Bí wọ́n ṣe ń dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà opó lọ́dọ̀ wa níbẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ọkùnrin tí kò yẹ kó wọlé bá dé, wọ́n á ní kò sí ẹnì kankan nílé. Òun náà á ti mọ̀ pé opó wà nínú ilé. Á ṣe àdúà lójúde, á máa lọ. Kò sí ará Ẹ̀yìn Ọgbà tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́dà yẹn kì í ṣe ará ilé wa. Ohun tí Àfáà sọ gan-an ni wọ́n gbọ́, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi pupa sí i.

Inú bí mi, mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, “Ẹ ti sọ obìnrin yìí di òkú, Àfáà! Ẹ ti sin ín mọ́ ọkọ ẹ̀!” Mo ṣàlàyé ohun tí pupa jẹ́ fún un. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbójú sókè wo ògiri. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ba òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Bámiṣayọ̀ lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún. Èsì tí wọ́n mú bọ̀ ni pé kí ẹni tó ń gbé ilé náà wá fúnra ẹ̀ kí wọ́n fojú rí i. Wọ́n ní látìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti délẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń bí ìbátan lójijì.

Mo sáré wọlé bá Mùnírátù. “Dìde. Wọ bàtà. Ká lọ kí wọ́n rí ọ.”

Àfáà dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. “Mo mọ̀ pé ìdí tó lágbára lè mú opó jáde. Ṣùgbọ́n kó lọ dúró láàárín ọkùnrin ní ọ́fíìsì, kí wọ́n máa wò ó lójú? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Mo fẹ́ já aṣọ ìkélé yẹn sílẹ̀. Mùnírátù ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Mo ṣèlérí fún Sùlàì. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan síta báyìí, wọ́n á sọ n'Ílọrin pé mi ò lè dúró de ọkọ mi. Àti pé, Fẹ̀yìn, tí mo bá jáde lọ, tí wọ́n bá wó o lẹ́yìn mi ńkọ́? Tí mo bá wà nínú ẹ̀, wọn ò ní lè wó o.”

“Tí wọ́n bá wó o lé ọ lórí ńkọ́?”

Ó lọ jókòó ti ìkòkò omi, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.” Gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi wèrè nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ilé tó ṣófo ni wọ́n ń wó, a ó jẹ́ kó hàn sí gbogbo ayé pé èèyàn wà nínú eléyìí. Mo na okùn sójúde ẹ̀, mo sá aṣọ tèmi sórí ẹ̀. Mo to bàtà Bámiṣayọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi ń wọ sílípáàsì lọ síṣẹ́, ó ń kùn. Ojúde ẹ̀ ni mo ti ń dáná kí èéfín lè máa rú. Mo so ewúrẹ́ mi mọ́ ara fèrèsé. Mo fi kẹrosíìnì àti kànìnkànìn fọ ìlà pupa yẹn títí apá fi ń ro mí. Kò lọ! Ńṣe ló tàn ká ògiri, tó wá dà bíi pé wọ́n pa màlúù síbẹ̀. Nígbà tí mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Mùnírátù ò sùn dáadáa mọ́. Tí mo bá gbé ẹ̀kọ dé, kò ní kí mi kó tó béèrè, “Kí lo gbọ́?” Ẹ̀kọ tí mo gbé sílẹ̀ láàárọ̀ ni màá bá níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó rù. Irun ẹ̀ ta kókó, ó sì le bíi kànìnkànìn tí mo fi fọ ògiri. Ẹ̀rín yẹn, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ọjọ́ kan mo bá a tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ilẹ̀ ń mì. Mo ní ilẹ̀ ò mì, ara ẹ̀ ló ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ó ń mì lóòótọ́, tíírélà eléèpẹ̀ ló ń kọjá lẹ́yìn ọgbà, èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde.

Iṣẹ́ ẹ̀ náà ti lọ. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wo obìnrin mìíràn tó ń gbá abẹ́ igi tó ń pè ní Àlàájà. Ó ní obìnrin náà ò mọ ìdí igi gbá, pé ó ń fi ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Ìyẹn nìkan ló ṣì máa ń múnú bí i tó bí ó ṣe máa ń bí i tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn awólé dé, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Òjò yẹn ló ṣe wá. Mo ti ká aṣọ kúrò lórí okùn. Bámiṣayọ̀ ní òun ò lè fi sílípáàsì rìn nínú ẹrẹ̀, ó ti wọ bàtà ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ti já okùn sá wọlé mi. Mo tẹ̀ba sójúde Mùnírátù, mò ń fẹ́ iná, igi tutù, kò ràn, kò sí èéfín kankan. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, tí kò jìnnà mọ́, tí kò sì kọjá lọ.

Katapílà kan ṣoṣo ni, ofeefee, àwọn ọkùnrin rìn tẹ̀ lé e. Ilé ará Ọ̀ṣun yẹn ló kọ́kọ́ kàn. Ó fi imú tì í lẹ́ẹ̀kan, ilé dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ó yí padà sọ́dọ̀ wa. Mo dìde, mo sá lọ pàdé ẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń pariwo ní Yorùbá, mo ń pariwo ní Hausa díẹ̀ tí mo gbọ́: “Akwai mutum! Èèyàn wà níbẹ̀! Akwai mutum!” Ọkùnrin méjì gbá mi mú, wọ́n wọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gé ọ̀kan jẹ lọ́wọ́, kò sì fi mí sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kó wọn wá wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún. Ó wo ìlà pupa, ó wo ojúde tó dá páropáro, ó wá rí Àfáà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá a mọ̀, torí ó wà lára àwọn ọlọ́dà yẹn. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ba kowa?”

Àfáà ní, “Èèyàn wà níbẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ni. Opó ni.”

“Ó dáa. Ẹ kúrò lọ́nà kí n wò ó.”

Ó gbé ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àfáà na ọwọ́ méjèèjì, ó dí i. Mo ń wò ó. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ yẹn kúrò, mo rí i lójú ẹ̀ pé ó fẹ́, ọwọ́ náà ni kò gbọ́. “Ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ wọlé,” ló ń wí, ẹkún ló sì fi ń wí i. “Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ wọlé.”

Mo ké: “Àfáà! Ẹ jẹ́ kó wọlé! Ẹ jẹ́ kó rí i!” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sí ilé tó ṣófo lónìí tí kò ní àfáà tàbí pásítọ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ó ju ọwọ́ sí awakọ̀ katapílà pé kó gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́.

Ó gba ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ògiri fèrèsé tó kọjú sí ọgbà dún gbàà. Páànù ké. Mo ní ó ti tán, wọ́n ti pa á. Mo di ojú, mo ń pe Jésù.

Nígbà tí mo ṣí ojú, aṣọ ìkélé ti ṣí. Mùnírátù tẹ̀ba, ó gba abẹ́ apá Àfáà jáde. Látìgbà tí Sùlàímọ́nù ti kú, oòrùn ò tíì kàn án. Eruku ti bo aṣọ funfun tó ró, ìbòrí ti bọ́, irun ẹ̀ dúró gán-ún lórí. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀, ó kọjá ọ̀gá náà, ó kọjá gbogbo ọkùnrin tó kún ojúde, ó yí ẹ̀yìn ilé lọ dúró níbi tí awakọ̀ katapílà ti lè rí i. Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ ga.

Ó ní, “Èmi rèé. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ rí mi?”

Awakọ̀ náà ní, “Kai!” Ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkùnrin wa gbé ojú wọn wolẹ̀. Àfáà bọ́ agbádá ẹ̀, ó da á bò ó láti orí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tì í, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá ṣí fìlà. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé ẹnì kankan ò sọ fún òun.

Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn ti lọ. Bí a ṣe dúró tí a ń wò ó, igi àjà ṣẹ́, páànù yọ, ilé Sùlàímọ́nù rọra wó sínú ara ẹ̀, bí ẹni tó ti rẹ̀ tó jókòó. Mùnírátù ò wo ẹ̀yìn.

Yàrá mi ló ti parí opó náà, lẹ́yìn aṣọ tí mo ta sí igun kan. Nílé onílé, bí Sùlàímọ́nù ṣe ní kò gbọ́dọ̀ rí. Ó ń gbọ̀n nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá kọjá, èmi náà ń gbọ̀n. Àfáà kó awọ àgbò ẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yà lọ́dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ẹni tó wá ya iyọ̀, Àfáà á dìde dúró, á ní, “Mùnírátù wà nínú ilé. Ìyàwó àbúrò mi ni. Ó wà níbẹ̀ o.” Kò sẹ́ni tó bi í.

Kó tó jáde opó ni ìròyìn dé. Wọ́n ti rò ó tán. Wọ́n ní ọgbà náà tó bó ṣe wà, wọn ò fẹ́ ilẹ̀ wa mọ́. Àlímátù ló kọ́kọ́ mú un wá, àwọn èèyàn ń dì mọ́ ara wọn lójúde, wọ́n ń dúpẹ́. Nọ́ńbà funfun wà lára ògiri kálukú síbẹ̀, ilé kálukú dúró. Mo fẹ́ yọ̀, mi ò rí ayọ̀ náà. Mo wọ inú yàrá lọ, mo wí fún Mùnírátù. Ó ní, “Ilé mélòó ló wá wó?” Ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ tó jáde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn. Mo gbé àpótí, ìlarun àti òwú síta, mo ní kó wá jókòó sí ibòji tèmi. Ó ní rárá. Ó gbé àpótí náà lọ́wọ́ mi, ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Ojú ibi tí ilé ẹ̀ wà ló lọ. Wọ́n ti kó páànù àti búlọ́ọ̀kù kúrò, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tí Sùlàímọ́nù fi rẹ́ ilẹ̀ ṣì ń dán. Ìkòkò Ushafa wà ní igun ẹ̀, etí ẹ̀ ti fọ́ lápá kan, òjò ti rọ̀ kún un. Ó gbé àpótí sí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó, ó kọjú síta.

Mo ní, “Mùní, oòrùn ń mú níbí.”

“Jẹ́ kó mú. Ibí ni kí o ti dì í, ní gbangba, má sì kánjú. Jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá rí i pé èèyàn ń gbé ibí.”

Mi ò kánjú.